Bí mo ṣe dá àyẹ̀wò dísìkì D dúró nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bá ń tàn

Gbogbo ìgbà tí mo bá tan kọ̀ǹpútà mi ni ó máa ń dúró sójú kan, tí yóò máa sọ pé òun ń yẹ dísìkì D wò, òun sì ń tún un ṣe. Windows fún èèyàn ní ìṣẹ́jú-àáyá 8 láti tẹ bọ́tìnnì kan kí ó lè fo àyẹ̀wò náà. Bí o bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ́rẹ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Windows kì í ṣàdédé ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan sí dísìkì lọ́wọ́, tàbí tí ó rí i pé ètò fáìlì ti dàrú, ó máa ń fi àmì kan sí dísìkì náà. Autochk, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé tán, ni ó ń wo àmì yìí. Mo ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ administrator, mo tẹ èyí:

fsutil dirty query D:

Ó dáhùn pé "Volume - D: is Dirty", ìyẹn ni pé àmì náà wà lára D. Mo bi í nípa C náà, kò sí nǹkan tó ṣe C.

Bí ara dísìkì bá le, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò náà parí, tàbí kí ẹ tẹ chkdsk D: /f, àṣẹ tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe, fúnra yín. Àmì náà á kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tèmi ti parí rí, àmì yẹn sì tún padà wá. Ìyẹn ló mú mi fi CrystalDiskInfo, ohun èlò kan tó ń ṣàfihàn bí ara dísìkì ṣe rí, wo ìlera dísìkì náà. Iye tó wà níwájú Reallocated Sectors Count, ìyẹn iye ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi àyè mìíràn rọ́pò, ń lọ sókè ni. Dísìkì ń kú lọ. Kí ètò fáìlì tò dáadáa ni chkdsk ń wá, kò ṣèlérí pé fáìlì yín á yè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń kọ nǹkan sórí dísìkì tí kò lágbára mọ́. Mo fẹ́ kó ẹrù mi jáde ná. Mo bá tẹ:

chkntfs /x D:

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ó wọlé tààrà. Àmọ́ nígbà tí mo tún fi fsutil bi í, Dirty náà ni ó ṣì ń sọ. Àṣẹ yìí kò tún ohunkóhun ṣe, ó kàn ní kí autochk fojú fo D ni.

Ibì kan wà tó máa ń dá èèyàn láàmú: /x kì í ṣe àròpọ̀. Bí ẹ bá tẹ chkntfs /x E: lọ́la, D á padà sínú àyẹ̀wò. Ẹ kọ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: chkntfs /x D: E:. Àwọn kan a sì máa ní kí èèyàn wọ registry (ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí) lọ pa ohun tó wà nínú BootExecute, èyí tó ń pe autochk, rẹ́ pátápátá. Èmi ò fara mọ́ ọn, nítorí C náà ò ní rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Robocopy, àṣẹ Windows tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, ni mo fi kó fáìlì lọ sí dísìkì mìíràn:

robocopy D:\ E:\ipamo /e /r:1 /w:1

Ẹ má yọ /r àti /w sílẹ̀ o. Bí ẹ ò bá fi wọ́n sí i, ìgbà 1,000,000 ni robocopy yóò máa tún fáìlì tí kò ṣeé kà gbìyànjú, á sì máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín wọn. Fáìlì kan péré lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Díẹ̀ nínú àwọn fáìlì náà kò ṣeé kà mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù jáde láyọ̀. Mo yọ dísìkì àtijọ́, mo fi tuntun sí i, mo wá tẹ chkntfs /d kí gbogbo nǹkan lè padà sí bí Windows ṣe ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi fsutil nípa D tuntun, ó ní "is NOT Dirty".