Ẹ Má Sọ Ọjọ́ Aró Di Ọjọ́ Ìnáwó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá bá mi lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Àdó. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun mẹ́rin fẹ́ máa pàdé ní gbogbo Sátidé láti ṣe àdìrẹ, torí pé ìlú le, oorun ò sì kun ojú wọn mọ́. Mo ní ó dáa, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ló bá ṣí báàgì. Búrọ́ọ̀ṣì méjìlá nínú páálí. Pákó ìyàwòrán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dà oríṣi mẹ́rìnlélógún tí kò bá aṣọ tan rárá. Épírọ̀n márùn-ún tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà. Mo ní, "Aṣọ funfun ńkọ́?" Ó ní àwọn ò tíì rà á, owó ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ lónìí. Láti ọdún 2020 ni mo ti ń wo irú èyí. Ìgbà kónílé-ó-gbélé yẹn ni tiwa bẹ̀rẹ̀, èèyàn márùn-ún: tíṣà méjì, aránṣọ kan, obìnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Agodi Gate, àti èmi tí aró ń bọ́. A ò pe ara wa ní ẹgbẹ́ nígbà yẹn. A kàn ń jókòó ti agbada aró kan náà lọ́sàn-án kí àròkàn má baà pa wá. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni mo ti fojú ara mi rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èmi gan-an ni mo ṣe é. Oníko ni àdìrẹ tí wọ́n fi ìko di kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ kọ iṣẹ́ sí lára; ẹni tí kò bá tíì mọ ìyàtọ̀ wọn, kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ná.

1. Ríra ẹrù kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn ìyá wa fi ń kọ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan. Láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sè tí wọ́n sì sẹ́ kó kúnná ni ẹ̀kọ rẹ̀. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tu ìyẹ́ adìyẹ lọ́jà Bódìjà, kí wọn dáadáa, wọn á fún ọ ní ìyẹ́ tí wàá lò títí ọmọ rẹ á fi ṣègbéyàwó. Bó bá jẹ́ oníko ni, ìko àti òkúta wẹ́wẹ́ ti tó. Búrọ́ọ̀ṣì méjìlá wo?

2. Ríra aṣọ tí kì í ṣe òwú. Òwú ló ń mu aró, pólísítà ò mu ún. Mo mọ èyí fún ogún ọdún, síbẹ̀ mo lọ ra ọ̀pá mẹ́wàá aṣọ funfun kan ní Gbági torí pé owó rẹ̀ rọ̀, ẹni tó tà á sì pè mí ní "màmá mi dáadáa". A rì í bọ aró lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde bí omi òjò tó ti orí páànù ṣàn. Aránṣọ wa fa fọ́nrán kan yọ, ó ṣá iná sí i, ó yọ́, ó sì di kókó líle bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀. Fọ́nrán òwú á jó di eérú ni, á sì máa rùn bíi bébà tó ń jóná. Ìṣáná kan péré ni ìdánwò yẹn ń ná èèyàn. Aṣọ náà ti di kọ́tìnì ilé ìwẹ̀ wa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá kí mi ni wọ́n máa ń kí kọ́tìnì náà.

3. Ẹ fọ aṣọ tuntun kí ẹ tó kan aró. Sítáàṣì tí wọ́n fi lé e lára nílé iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí aró wọlé.

4. Fífi kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí a ń dà sínú aró, ṣeré. Lórí èyí, n kì í ṣàwàdà. Inú omi ni kí ẹ máa bu kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé, torí ó máa gbóná lójijì, ó sì lè ta sí èèyàn lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́. Mo ti rí ẹni tó gbé ìkòkò ìrẹsì ìyá rẹ̀ wá; ó ń hó kùṣùkùṣù láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ó fi ìkòkò sílẹ̀ ó sá lọ. Agbada rọ́bà ni kí ẹ rà.

5. Bíbẹ̀rẹ̀ láti orí "Ìbàdàn Dùn", iṣẹ́ ẹlẹ́kọ tó lókìkí jù n'Íbàdàn. Gbogbo ẹni tó bá ti dé lójọ́ kìíní ló fẹ́ kọ Ìbàdàn Dùn. Mo mọ̀ pé ìlú yín ni, ìlú tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn, ojú-ilé lójú-ilé ni wọ́n pín in, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, òpó Gbọ̀ngàn Mápó sì wà níbẹ̀ tí ṣíbí wà láàrin òpó sí òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, òpó rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Èyí tí ẹ máa kọ lójọ́ kìíní, á tẹ̀ bí ẹni tó ti mu ẹmu. Ẹ fi ìlà gbọọrọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìka ya ẹ̀kọ bí wọ́n ti ń ya ìyẹ̀pẹ̀. Ọwọ́ á mọ́ra.

6. Oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, omi la ń mu. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà gbé ẹ̀pà àti gúgúrú wá. Kò burú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, aránṣọ ní òun ò ní jẹ́ kí tíṣà fi ẹ̀pà borí òun, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Mọ́ínmọ́ín bí ìrẹsì. Ìrẹsì bí ẹran. Kí a tó ṣẹ́jú, àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú ti dé, ẹ sì mọ̀ pé n'Íbàdàn, bí àmàlà bá ti dé, iṣẹ́ ti tán. Èmi tí mo ń bá yín wí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ háyà kúlà. Mo tún ra mínírà kéréètì kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ò há. Lọ́jọ́ yẹn, láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aṣọ kan ṣoṣo la rẹ, ìyẹn náà ò sì mu aró dọ́gba, torí pé ẹni tó yẹ kó máa yí i ń bá egungun jìjàkadì.

La bá ṣe tẹ́ẹ́bù: oúnjẹ á máa yípo láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹnìkejì. Ó tún wá burú sí i, torí pé ohun tó bá ti ní tẹ́ẹ́bù ti di gbèsè. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, owó ọkọ̀ fò sókè, ọjà dá páropáro. Obìnrin tó ń ta páàtì ò wá mọ́. Sátidé kan, méjì, márùn-ún. A ní ọjà ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú wa, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ní ó ti di ọ̀gá, kò rí tiwa rò mọ́. Ìgbà tí mo pàdé obìnrin oní-páàtì náà ní Dùgbẹ̀, tó ń dúró de ọkọ̀ tí apá rẹ̀ máa ká, ni mo tó gbọ́ òótọ́. Ó ní, "Ìyá Aláró, èmi ló kàn láti se oúnjẹ. Mo ní kí n ní sùúrù dìgbà tí mo bá rí owó ẹran."

Oṣù mẹ́rin ló fi ní sùúrù. Láàrin oṣù mẹ́rin yẹn ni onílé fi owó kún owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì wọ ilé ìwòsàn. Gbogbo àsìkò tó yẹ kó jókòó tì wá, kó máa di ìko, kó sọ̀rọ̀ tàbí kó dákẹ́, ilé ló wà, ó ń ro ti ẹran. Ẹni tí irú nǹkan yìí wà fún gan-an la fi àmàlà lé lọ.

N ò tíì dárí kúlà yẹn ji ara mi.

Lọ́dọ̀ wa báyìí, òfin kan ló wà: kálukú jẹun nílé kó tó wá. Bí ebi bá pa ẹnì kan, gààrí Ìjẹ̀bú ń bẹ, omi tútù ń bẹ. Ẹni tó bá gbé kúlà wọlé ni yóò fọ gbogbo agbada. Àwọn tuntun ní òfin wa ti ahun jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ìnáwó í ṣe. Kí a jókòó pọ̀ láì ná an ni iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan dá a lábàá pé ká ra ẹgbẹ́jọdá fún àyájọ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ aláró! Ẹ fẹ́ lọ fowó ra aṣọ tí ẹlòmíràn rẹ! Díẹ̀ ló kù kí n da agbada lé e lórí.

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kún Sátidé yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ó lè wọlé láì tijú? Ẹni tí kò bá rí aṣọ rà, kó mú bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ wá. Aró inú agbada kan náà ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lóṣù yẹn ló ń ra kọ́sítíìkì àti haídírò, kẹ́míkà kejì tí a ń dà sínú aró, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

N ò mọ nọ́mbà tí mo dé mọ́, ẹ bá mi kà á.

Ẹ má lọ háyà gbọ̀ngàn. Ẹnì kan ti fi Mbari kò mí lójú rí, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1961, tí Wole Soyinka, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ gidi gbọ́dọ̀ ní ibùjókòó. Mo ní, àgbàlá ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan ní Gbági ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wá àgbàlá. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ilé oúnjẹ!" Mo dákẹ́.

Ẹ má sún ọjọ́. Bí èèyàn méjì péré bá wá, ẹ pọn omi, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ti ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí gbogbo wa pé" ti tú ká, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ẹ má ṣe ẹlẹ́kọ lóṣù keje. Ẹ̀kọ ò ní gbẹ. Ẹ di oníko.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà, ẹ gba ọwọ́ yín nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa di ìko kan, ó rí wúruwùru. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u, mo dì í bó ṣe yẹ. Inú mi dùn. Sátidé mẹ́ta ni kò di nǹkan kan mọ́, ó kàn ń jókòó, ó ń wò mí. Tí mo bá tún rí wúruwùru báyìí, mo máa ń lọ wo ẹ̀yìn ilé bóyá ewúrẹ́ ti wọlé.

Ti àwọn tó fẹ́ tà á lọ́sẹ̀ kẹta: èmi ń tà á, mo mọ bó ṣe rí. Ọjọ́ tí ẹ bá ti gba owó oníbàárà ni ẹ ti gba ìpè oníbàárà láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ wá ọjọ́ mìíràn fún ìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí aṣọ gba afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, bíi ti ewé tó ń pọ́n. Àwọn tuntun á pariwo pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á tì í padà sínú agbada. Ẹ fi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín, kí ẹ tó tún rì í bọ̀ ọ́. Àkókò ìdúró yẹn, tí ọwọ́ gbogbo èèyàn rẹ̀ dúdú tí kò sẹ́ni tó lè di fóònù mú, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọkọ ọ̀kan nínú wa ti pàdánù iṣẹ́ láti oṣù méjì. Ibẹ̀ náà ni obìnrin oní-páàtì ti sọ gbogbo rẹ̀, nígbà tó padà wá. Kò sẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn. A ń sá aṣọ sórí okùn.

Ọmọbìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn padà wá ní Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ méjì. Àwọn méjì tó kù ní àwọn ń dúró de épírọ̀n tó bá àwọn lára mu. Mo yá wọn ní agbada kan, wọ́n mú bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì wá. Ó bi mí pé kí ni kí òun fi pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Okùn wa ti kún lọ́jọ́ yẹn, la bá gbé e síta, a sá aṣọ lé e. Ó dúró dáadáa, àyàfi tí atẹ́gùn bá fẹ́.