Bí mo ṣe fi ẹ̀wà àti àgbàdo kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ́mísìrì

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi san owó lẹ́sìnnì kẹ́mísìrì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra WAEC. Lọ́jọ́ kan mo ní kó ṣàlàyé bí sódíọ̀mù àti klórínì ṣe ń di iyọ̀. Ó ní wọ́n jọ ń pín ẹ̀lẹ́kítírọ́nì lò ni, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó ń yí po lágbolágbo nínú wọn. Inú bí mi gan-an. Owó oṣù mẹ́ta! Sódíọ̀mù kì í bá a pín in lò. 2, 8, 1 ni iye tirẹ̀, láti agbo inú dé agbo ìta. Ẹyọ kan tó wà lágbo ìta yẹn ló ń yọ̀ǹda fún klórínì, tí tirẹ̀ jẹ́ 2, 8, 7, kí agbo ìta ìyẹn lè pé mẹ́jọ.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya agbo sílẹ̀. Ẹ̀wà ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nì mẹ́táàlì, àgbàdo ni ti ẹni tó ń gbà. Iyọ̀ kò pẹ́ rárá. Magnísíọ̀mù àti ọ́ksíjìn náà rọrùn: magnísíọ̀mù ní méjì nílẹ̀, ọ́ksíjìn ń wá méjì.

Alumíníọ̀mù ló fojú wa rí màbo. Ẹ̀wà mẹ́ta ló ní lágbo ìta, àgbàdo mẹ́fà ni ti ọ́ksíjìn. Ọmọ náà kó ẹ̀wà méjì síbẹ̀, ó pé mẹ́jọ, ẹyọ kan wá kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ibo ni kí n fi eléyìí sí?" Ó fẹ́ kì í mọ́ ọ́ksíjìn kan náà. Mo ní rárá, kò gbọdọ̀ di mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ dá a padà fún alumíníọ̀mù, mo tún kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọ́n mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Orí èmi gan-an ti ń gbóná.

Níkẹyìn mo ní kó ya ọ́ksíjìn míì. Ẹ̀wà yẹn wọlé, ó di méje, ó ku ẹyọ kan. Ó ya alumíníọ̀mù kejì, ẹyọ kan lọ síbẹ̀, méjì kù. Ọ́ksíjìn kẹta gba méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo! Alumíníọ̀mù méjì, ọ́ksíjìn mẹ́ta: Al₂O₃. Ọmọ náà pariwo, inú mi dùn dé ọkàn.

Àfi bó ṣe fi àmì ìyọkúrò sórí alumíníọ̀mù, torí pé "ó pàdánù." Ta ló kọ́ ọ báyìí? Prótọ́nì 13, tó ní àmì àròpọ̀, ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì 10, tó ní àmì ìyọkúrò, ló kù, 3+ ni.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ́kọ́ wá ibi tí 3 tí alumíníọ̀mù ń yọ̀ǹda àti 2 tí ọ́ksíjìn ń wá ti ń pàdé, ìyẹn 6, kí n tó ya agbo kankan. Mi ò sì ní sanwó oṣù kejì láìjẹ́ pé ọmọ yà á lójú mi.

Láàárọ̀, mo fún un ní magnísíọ̀mù àti klórínì. Klórínì méjì ló yà, kò bi mí léèrè.