Bí mo ṣe ṣe ètò rédíò wákàtí kan lórí The Ex

Ètò wákàtí kan ni mo fẹ́ ṣe lórí The Ex, lórí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì tí àwa kan ń fi èdè Yorùbá ṣe. Ẹgbẹ́ olórin punk ni wọ́n, láti Họ́láńdì. Ọdún 1979 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, jùjú, fújì àti àpàlà ló mọ́ àwọn tó ń gbọ́ wa lára, orin The Ex sì le létí bí ìgbà tí wọ́n ń lu páànù. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn to orin kalẹ̀, wọ́n á pa rédíò.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ àwo wọn ní títẹ̀léra, láti ti 1980 wá sí ti 2018. Mo ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú wọn lọ́dún kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ní Amsterdam ayé ìgbà yẹn, ilé ṣòroó rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wà tí olówó tì pa tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń já wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù kẹta 1980, ìjọba kó ọkọ̀ ogun wọ òpópónà Vondelstraat kó lè wó ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí Beatrix gorí oyè gẹ́gẹ́ bí ọbabìnrin Họ́láńdì, 30 oṣù kẹrin ọdún kan náà, igbe "Kò sílé, kò sóyè" gba ìgboro kan, ìjà ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni The Ex ti jáde. Torí pé orúkọ wọn yá kọ sára ògiri ni wọ́n ṣe mú un. Ìbò ni wọ́n sì ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa ta gìtá àti ẹni tó máa lu ìlù. Ìtàn ìbò yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò náà, mi ò fi orin bẹ̀rẹ̀.

Apá kejì ló gba àkókò mi jù. Ní 1983 wọ́n ṣe àwo kéékèèké mẹ́rin sínú àpótí kan lórí ilé iṣẹ́ bébà Van Gelder. Nígbà tó di 1986, tó pé àádọ́ta ọdún tí ogun abẹ́lé Sípéènì bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àwo kéékèèké méjì jáde pẹ̀lú ìwé fọ́tò tó tó ojú ewé 144. Orin mẹ́rin péré, ìwé bàǹtà-banta! Àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ inú CNT, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní Sípéènì, tí wọ́n gba ilé iṣẹ́ àti ilẹ̀ sọ́wọ́ ara wọn ló wà nínú fọ́tò náà. Mo ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣàlàyé ohun tí mo rí fún olùgbọ́ kí orin tó wọlé. Lójú tèmi, kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó níyì tó èyí. Wọn ò wulẹ̀ pariwo pé àwọn kórìíra ìjọba. Wọ́n fi ohun tí àwọn tálákà ti dán wò rí han èèyàn.

Mo fi iṣẹ́ náà ran ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe nílé kó gbọ́ ọ wò. Ó ní, "Àbúrò, ó dáa, àmọ́ ta ló ń gba owó níbẹ̀?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Mo lọ fi apá kan kún un: àwọn fúnra wọn ló ń gbé ọ̀pọ̀ àwo wọn jáde, wọn ò ní máníjà, wọn ò sì ní ọ̀gá. Nígbà tí G.W. Sok, akọrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀ ní 2009, Arnold de Boer wọlé, iṣẹ́ ń lọ. Katherina Bornefeld ti wà nídìí ìlù láti 1984. Àwọn kan ní kí n pè wọ́n ní Fẹlá òyìnbó, mo kọ̀. Fẹlá ni gbogbo ẹgbẹ́ Fẹlá ń wò. Ti The Ex kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Getatchew Mekuria, bàbá kan tó ń fọn saxophone ní Ethiópíà, ni mo fi parí ètò náà. Wọ́n lọ ṣeré káàkiri Ethiópíà ní 2002, wọ́n sì pe bàbá náà wá bá wọn ṣe ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọn ní 2004. Igbe àwọn jagunjagun ilẹ̀ ẹ̀ ni bàbá yìí sọ di orin lórí saxophone. Àwo tí wọ́n jọ ṣe jáde ní 2006, orin bàbá sì ni wọ́n ń bá a lù níbẹ̀, kì í ṣe pé bàbá wá ń tẹ̀ lé wọn. Mo jẹ́ kí ọ̀kan nínú ẹ̀ lọ tán láìdá a lẹ́nu, torí mo gbà pé ẹni tó bá mọ ìjálá á gbọ́ ọ yé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé lórí orin yẹn pọ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ìyá kan láti Peckham ní kí n tún un lù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n sì fi ìwé fọ́tò Sípéènì yẹn han òun tí òun bá yà sọ́dọ̀ wa. Mo ti fi pamọ́ dè é.