Ohun tẹ́ẹ máa ṣe láàárọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín ò bá yọjú

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní bùkà, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin aránṣọ tí ọmọ iṣẹ́ yín ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lọ o. Níbi tí igba èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan lè má wá kí ilẹ̀ sì ṣú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ṣùgbọ́n bùkà tó jẹ́ pé èèyàn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, tí ẹni tó ń ro àmàlà ò bá yọjú ní Mọ́ńdè, tí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, sì ti ń rọ́ jáde ní àdúgbò Under-G tòun ti ebi, ẹ ti mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa rí. Bùkà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ torí òun ni mo mọ̀, ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ṣe nǹkan míì ẹ mú èyí tó bá yín mu níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni aago ìpè. Ọjọ́ tẹ́ẹ gba èèyàn síṣẹ́ ni kẹ́ẹ ti sọ ọ́ fún un. Tí iṣẹ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje tí ò sì ní lè wá, kó pè kó tó di aago márùn-ún ààbọ̀, kó PÈ o, kì í ṣe kó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí WhatsApp tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ẹ bá tan dátà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí i. Tí ò bá ní káàdì, kó fíláàṣì, ẹ máa pè é padà. Ẹ̀yin gan-an ni kó sì pè, kó má lọ máa sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́ pé "bá mi sọ fún mọ́mì", torí ọ̀rẹ́ yẹn á gbàgbé, tàbí kó máa bẹ̀rù ojú yín títí oòrùn á fi gùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀gá ti ń ba nǹkan jẹ́ rèé. Ọmọ á pè ní ìdájí, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ látàná, mi ò lè dìde", kó tó sọ̀rọ̀ tán èébú ti bẹ̀rẹ̀: "Ibà, ibà, ojoojúmọ́ ibà, ṣé èmi ni mo ní kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ ni?" Ó dáa, ẹ ti bú u, ara ti tù yín, àmọ́ ẹ ti kọ́ ọ pé lọ́jọ́ míì kó kúkú pa fóònù ni. Ẹni tó pa fóònù sùn dáadáa, ẹni tó pè ló jẹ èébú ní kùtùkùtù, ta ló wá gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì? Kẹ́ẹ gbé ìbínú yẹn tì ná, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta péré: ṣé ó máa lè wá tó bá di ọ̀sán, ọ̀la ńkọ́, kí ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí ẹlòmíì ò mọ̀ nípa ẹ̀? Ìkẹta yẹn gan-an ni kókó. Kọ́kọ́rọ́ lè wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè jẹ́ òun ló gba ẹran lọ́wọ́ alápatà lánàá tó gbé e sínú fírísà ìyá ọlọ́tí ẹ̀gbẹ́ yín, ó lè jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ pé àwọn kan ti ní kẹ́ẹ gbé oúnjẹ èèyàn ogún wá sí ọ́fíìsì wọn láago méjìlá. Tẹ́ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, "lo oògùn ẹ, màá pè ẹ́ nírọ̀lẹ́", ó parí.

Tẹ́ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀, ẹ má tíì máa pe gbogbo ayé. Ẹ kọ́kọ́ gé iṣẹ́ kù. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ò gbọdọ̀ má sí, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà jàre. Ṣùgbọ́n iyán tó ń fẹ́ ẹni méjì nídìí odó, ẹ lè fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ fi fried rice àti mọ́ínmọ́ín náà sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí páálí kan, kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì: tí ẹnì kan ò bá wá, a ò ní se tibí, tó bá jẹ́ ẹni méjì, a ò ní se tọ̀hún náà, kó má di pé ìgbà tẹ́ẹ bá lọ sí Ìlọrin ni wọ́n á máa pè yín pé kí làwọn máa ṣe. Kẹ́ẹ sì fi sí status láàárọ̀ pé iyán ò sí lónìí. Kọ́sítọ́mà tó mọ̀ kó tó gun ọ̀kadà ò ní bínú, èyí tó ti fọwọ́ tán tó ti jókòó ló máa pariwo.

Àmọ́ gbogbo èyí ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ tó ṣe kókó jù. Ríro àmàlà ogójì èèyàn kì í ṣe bíi ti ilé o, omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí èlùbọ́ tó wọlé, omọrogùn á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kó má bàa ní kókó, wọ́n á bu omi gbígbóná lé e, wọ́n á dé e kó jinná, wọ́n á tún un rò, gbogbo ẹ̀ nínú èéfín, apá á sì máa ro èèyàn. Ẹ ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni nírú ẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ò wá. Ìgbà tí LAUTECH bá wà lórí họ́lídè tí ọjà dá, ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ ní kí ẹni tó ń fọ abọ́ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lo POS. Kẹ́ẹ sì là á yé ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn pé ẹ ò fẹ́ lé e o, torí tó bá rò bẹ́ẹ̀ ó máa fi ìdajì iṣẹ́ pamọ́.

Ẹ tún wá ẹni ìpè méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ẹ lè ké sí lọ́jọ́ tí ẹnì kan ò bá wá, àwọn tó ti bá yín ṣiṣẹ́ rí tí ilé wọn ò jìnnà ló dáa jù. Ẹ ti dúnàádúrà owó ojúmọ́ wọn sílẹ̀ kí wàhálà tó dé, pẹ̀lú owó ọkọ̀, kẹ́ẹ sì san án nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Tẹ́ẹ bá ní kó padà wá gbà á tó bá di Fúráìdè, ẹ ò tún ní rí i mọ́. Àwọn tó wá síṣẹ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹlòmíì kún tiwọn náà, ẹ fún wọn lówó, "ẹ ṣé gan-an ni" ò ṣeé ná lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọmọ yín nílé ìwé wá fọ abọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, orúkọ, ìdí, ó pè àbí ò pè, ìyẹn náà tó. Tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹ máa rí i pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe àìròtẹ́lẹ̀ rárá. Ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí láti oṣù méjì sẹ́yìn, ṣé àárọ̀ Sátidé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní wá ni? Ó mọ̀, ẹnu ẹ̀ ni ò gbà á láti sọ. Torí náà tí oṣù bá bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ìnáwó wo ló ń bọ̀, òkú ta ni, ìkómọ ta ni, kẹ́ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọjọ́ láàárín ara wọn. Àwọn kan máa ń lọ gbé oúnjẹ lóde àríyá ní Sátidé torí owó ibẹ̀ ju ojúmọ́ tẹ́ẹ ń san lọ, bíbú ò lè tún ìyẹn ṣe, àfi kẹ́ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé owó Sátidé tàbí kẹ́ẹ fún un ní ọjọ́ míì dípò. Tó bá sì jẹ́ òjò tí ọ̀kadà ò ṣe lè rìn, kí ẹni tó ń ti ọ̀nà Ajáàwà bọ̀ máa wọṣẹ́ lọ́sàn-án nígbà òjò.

Ẹni tí ò pè rárá ńkọ́? Ẹ pe nọ́ńbà ará ilé ẹ̀ tẹ́ẹ ti gbà sílẹ̀ nígbà tẹ́ẹ gbà á síṣẹ́, kẹ́ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ló wà. Ọ̀rọ̀ míì di ọjọ́ tó bá padà dé, níkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú kọ́sítọ́mà.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì kà á sí. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act ò fọwọ́ sí i kí ọ̀gá máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, ìyẹn àṣà "o ò wá lánàá, mo gé ẹgbẹ̀rún márùn-ún" tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Òfin yẹn náà ló ní kẹ́ẹ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún un kó tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ lè kọ aago ìpè síbẹ̀. Tó bá jẹ́ àìsàn tí dókítà fọwọ́ sí, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Ní tèmi o, mi ò ní kí ẹni tí ibà ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ tò ní ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen torí ìwé, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, kó mú ìwé wá. Tó bá wá di pé kó máa lọ, òfin ní kẹ́ẹ fún un ní nótíìsì: ọjọ́ kan tí ò bá tíì kọjá oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti pé ọdún méjì tí ò tíì pé márùn-ún, oṣù kan tó bá ti pé ọdún márùn-ún. Ẹ san owó ọjọ́ tó ti ṣe fún un, kẹ́ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ yín.