Bí ẹ bá sùn sílé wa ní Ìsin: ibi tí ẹ ó lọ, àti bí ẹ ó ṣe lọ

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè nílẹ̀ Ìsin ní Ìpínlẹ̀ Kwara, méjì ni mo sì fi ń gba àlejò. Ará Ìlọrin àti Èkó ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kì í tíì gbé báàgì kalẹ̀ tán tí wọ́n á ti máa bi mí pé, "Mọ̀mí, ibo la lè lọ?" Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí, ni mo ṣe kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibì kan lóòjọ́ o. Àwọn kan wá nígbà kan, wọ́n fẹ́ dé ibi tí omi Òwu ti ń já láti orí àpáta, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ àti ihò àpáta Odò-Ọ̀wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú mọ́tò ni ọjọ́ náà parí sí. Fọ́tò ẹnu géètì ni wọ́n mú bọ̀ wá fi hàn mí.

Ẹni tó bá ti Ìlọrin bọ̀ á gba Ìdó-Òfíàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ má yà sí ọ̀nà Ọ̀ffà níbẹ̀, Òró ni kí ẹ dojú kọ, títí dé Òmù-Àrán. Ní Òmù-Àrán ni kí ẹ ti ra epo, kí ẹ sì gba owó lọ́wọ́ oní-POS, kí owó kéékèèké wà nínú rẹ̀, torí ọlọ́kadà tó ní ṣéńjì lọ́dọ̀ wa ṣọ̀wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn. Igbómìnà ni wá, "ògbó mi mọ̀nà" ni wọ́n ń kì wá, nítorí ògbó, ìyẹn àdá, tí Ọ̀ràngún baba ńlá wa fi ń la ọ̀nà. Máàpù inú fóònù yín kò ní irú àdá bẹ́ẹ̀. Ó ti mú àlejò mi kan wọ inú oko iṣu rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi pamọ́: ọ̀nà wa kò rí bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ má rìn lálẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde, a óò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ìlú bí ọ̀nà bá dára. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ jókòó jẹ iyán. Mo ti dá èèyàn dúró rí, wọ́n bínú sí mi, mo sì fara mọ́ ọn.

Òwu ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àkókò ló ṣe pàtàkì jù. Láti Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá ni omi náà máa ń kún dáadáa. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ tán, á ti máa tín-ín-rín, ẹ ó sì máa sọ pé mo purọ́. Ẹ kúrò nílé ní aago méje àárọ̀. Ọ̀nà Ọ̀wá-Kájọlà la máa ń gbà. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, òjò sì máa ń bà á jẹ́, torí náà bí mọ́tò yín bá rẹlẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ ní ìlú kí ẹ gun ọ̀kadà. Ẹ mú ọmọ ìlú kan dání, kí ẹ sì bá a dúnàádúrà kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti dé.

Kí ẹ tó rí omi náà lẹ ó ti máa gbọ́ ọ. Ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ìlọta kan ló ń ṣiṣẹ́ nínú igbó. Lẹ́yìn náà, ara á tutù lójijì, ewé ẹ̀bá ọ̀nà á máa gbọ̀n nígbà tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́, gíláàsì ojú mi á sì kún fún omi wínníwínní bí ìrì. Ẹ ó wá gbójú sókè. Àwọn kan ní gíga rẹ̀ tó 120 mítà, àwọn mìíràn kọ 330 fíìtì. Tíṣà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì: 330 fíìtì kò ju nǹkan bí 100 mítà lọ. Èyíówù kó jẹ́, ọrùn á dùn yín.

Bàtà tó dì mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ. Àbúrò ọkọ mi ní òun ti mọ omi Òwu láti kékeré, ló bá wọ sálúbàtà rọ́bà. Ewédò tó wà lára òkúta yẹn ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ó fìdí jókòó sínú omi, fóònù tó wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ mu omi yó. Ọmọ tó mú wa lọ fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. A ṣáà ní kí ẹ wọ bàtà." Nínú ọ̀rá ni kí ẹ fi fóònù yín sí. Ẹ má sì wẹ̀ lábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an, òkúta wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí itan bá ń ro yín, Ẹ̀sìẹ́ ló yẹ yín. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère èèyàn ló kún ibẹ̀. Wọ́n lé ní 1,000, òkúta tó rọ̀ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ọdún 1933 ni Ramshaw, aṣàbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà tí wọ́n ń pè ní CMS, wá jẹ́ kí ayé gbọ́. Ẹ má sáré kọjá. Ẹ mú ère kan ṣoṣo, kí ẹ dúró tì í: ẹ wo irun tí wọ́n dì, ilà ojú, àpótí tó jókòó lé, àdá tó gbé dání. Ọ̀pọ̀ ni kò lórí mọ́. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Mo máa ń bẹ àwọn tèmi pé kí wọ́n san owó yàrá ná kí tiwọn tó kàn.

Ihò àpáta tó wà ní Odò-Ọ̀wá, níbi táwọn èèyàn sá pamọ́ sí nígbà ogun, dára fún ẹni tó bá ní ọjọ́ kẹta. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ bá ń padà sí Ìlọrin, ẹ béèrè òkúta ìlọ-irin ní Ìdí-Àpè, èyí tí wọ́n ní ìlú náà ti gba orúkọ. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ ó sì rí wàrà rà lọ́nà.

Bàtà tó bá tutù, ẹ má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi, ó máa ń sán. Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àbáwọlé, ẹ rún un sínú bàtà náà kí ẹ tó sùn.