Oògùn Ibà Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Pín Jẹ
Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Ìbàdàn, láti Akínyẹlé dé Ìdó, Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń so àwọ̀n ẹ̀fọn kọ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń da omi inú táyà nù. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó fà á ni pé ibà pa ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní abà oko kan lẹ́yìn ìlú nígbà òjò tó kọjá, bẹ́ẹ̀ oògùn wà nínú ilé. Hóró 6 ló tọ́ sí ọmọ náà. Hóró 2 péré ló rí lò. Àwọn àgbà ilé ti pín ìyókù.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara ọmọ á gbóná, bàbá á sáré ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ọmọ á lo ti àárọ̀, á lo ti alẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń sá eré kiri àgbàlá. Ìyá á ní, "Ó ti yá, ẹ bá wa tọ́jú èyí tó kù." Bàbá tí iṣẹ́ oko ti mú ara ro á gbé hóró 2 mì, ẹ̀gbọ́n ọmọ á gbé 1. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú ibà ni. Ibà wo? Ta ló yẹ̀ yín wò?

Àṣìṣe yìí là ń bá pàdé láti ilé dé ilé, òun nìkan sì ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ibà tó wà lára tí kò mú ara gbóná

Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ ibà. Kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí orí má fọ́ ọ, kí òtútù má mú un. Ó ń kọ ebè, ó ń gun ọ̀pẹ, ó ń jẹun dáadáa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé e kiri báyìí. Ẹ̀fọn tó bá jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóru á fa kòkòrò náà mu, nígbà tó bá sì fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, ẹ̀fọn náà lè gbé e fún ọmọ ọwọ́ tó wà ní yàrá kejì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka ṣe kì í sábà rí i tí kòkòrò bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí àwọn lébìrà pé àwọn ló kó ibà wá sí oko yín. Ó wà lára onílé bó ṣe wà lára àlejò.

Ká wá ní ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní hóró 2 péré. Oògùn á pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, àwọn tó lè fara dà á á ṣẹ́ kù, àwọn nìkan ni yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá fi ìdajì oògùn koríko fín oko: koríko tí kò kú ló ń so èso sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Níwọ̀n bí ara kò sì ti ro ó, kò ní lọ sí ibùdó ìlera, ẹ̀fọn á sì máa wá bu nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́.

Bí chloroquine, oògùn ibà àtijọ́, ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún á rántí bó ṣe korò tó, àti bí ó ṣe máa ń mú ara yún tí èèyàn á fi máa họra títí ilẹ̀ á fi mọ́. A fara da gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, títí tí kò fi ran kòkòrò mọ́. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ pa á tì, wọ́n sì fi artemether-lumefantrine rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Màláwì ti pa tiwọn tì láti 1993, nígbà tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran kòkòrò ọ̀dọ̀ wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí lọ máa wá chloroquine kiri ọjà.) Ní báyìí, oògùn tuntun náà gan-an ti ń rí ìjà: ní Kàǹbódíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò tí kò tètè kú mọ́, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ ní Rùwáńdà, Ùgáńdà, Tànsáníà àti Ẹritíríà. Tí èyí bá tún bàjẹ́, èyí tó kù lórí igbá kò pọ̀.

Iye hóró, láìsí àdínkù

Artemether-lumefantrine 20/120 là ń sọ. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ rí nọ́ńbà yẹn. Ìwọ̀n ara la fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé ọmọ sórí ìwọ̀n ní ibùdó ìlera, ẹ yé fi ojú wọ̀n ọ́n.

Kílò 5 títí dé 14: hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 6.
Kílò 15 títí dé 24: hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 12.
Kílò 25 títí dé 34: hóró 3 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 18.
Kílò 35 sókè: hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ 24.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni láàárín ọjọ́ 3. Ẹ̀ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ aago méjì ọ̀sán lẹ bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ máa jí ọmọ lo èkejì, bó ti wù kó sun àsùnwọra tó. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́ ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Ọmọ tí kò tó kílò 5, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Oògùn yìí fẹ́ ọ̀rá. Ẹ̀kọ lásán kò tó. Ẹ fi àkàrà tì í, tàbí mílíìkì, tàbí àmàlà tí gbẹ̀gìrì rẹ̀ lépo dáadáa. Ẹni tó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, kó tún iye kan náà lò.

Ìṣirò kan wà tí àwọn ọ̀gá oko kan ń ṣe tó ń bí wa nínú. Wọ́n á ra oògùn àgbà ẹyọ kan, hóró 24, wọ́n á pín in fún òṣìṣẹ́ 6, 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, "kí ibà má bàa dá iṣẹ́ dúró." Ìdá kan nínú mẹ́fà lẹ fún wọn yẹn. Kò sí ẹni tó yá nínú wọn, ẹ sì ti bá kòkòrò kọ́ iṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 6. Owó yẹn ì bá kúkú wà lápò yín.

Àwọn kan ń fi àgbo dí èyí tó kù. A kò bá àgbo jà, ṣùgbọ́n àgbo ife kan kò sọ hóró 4 di 24. Abẹ́rẹ́ ibà tó ń jẹ́ artesunate náà kò dá tó. Ẹni tí wọ́n bá gún ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi hóró ọjọ́ 3 tẹ̀ lé e.

Àwọn tó lè lo oògùn láìṣàìsàn

Aláboyún wà nínú wọn. Láti oṣù kẹrin, SP (sulfadoxine-pyrimethamine, oògùn tí aláboyún fi ń dènà ibà) hóró 3 lẹ́ẹ̀kan náà, lójú nọ́ọ̀sì, kí oṣù kan ó kéré tán wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó bímọ. Kó má fi folic acid mílígíráàmù 5 pọ̀ mọ́ ọn, nítorí kì í jẹ́ kí SP ṣiṣẹ́. Èyí tó kéré tí wọ́n ń fún aláboyún kò ní wàhálà. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà, tí dókítà ní kó máa lo proguanil lójoojúmọ́, kó máa lò ó lọ. Àbúrò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn yòókù, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó gbé hóró kan mì. Nípa ti àyẹ̀wò, ohun kan ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn: tí ẹ bá lo oògùn pé, àyẹ̀wò ìka ṣì lè máa fi ìlà méjì hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti kú. Ẹ má tún oògùn lò nítorí ìlà. Tó bá jẹ́ pé ara tún gbóná kí ọjọ́ 28 tó pé, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti lè fi awò wo ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn tán ni.

Àwọ̀n, ọ̀rọ̀ kan péré: abẹ́ rẹ̀ ni àgbà tí ara rẹ̀ le náà ń sùn. Kì í ṣe ohun tí à ń fi bo ọ̀gbìn tòmátò.

Ọmọ tí gìrì bá mú, tí kò lè mu omi tàbí ọmú, tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tàbí tí ẹ jí títí tí kò dáhùn, kì í ṣe ti oníkẹ́míìsì mọ́. Ẹ gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́, UCH, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ mú páálí oògùn tó ti lò dání, kí dókítà rí iye hóró tó ti kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ ẹni tó lò wọ́n.