Gbèsè Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ti Charge Off ní Amẹ́ríkà: Ká San Án Ni àbí Ká Jẹ́ Kó Sùn?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé kírẹ́díìtì tó máa ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà: charge-off. Ẹni tó bá rí i lára gbèsè ọkọ̀ tó ti pẹ́ lè rò pé wọ́n ti fi gbèsè náà jin òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlànà ìṣirò owó ló ní kí báǹkì yọ gbèsè tí à ń san lóṣooṣù, irú bíi ti ọkọ̀, kúrò lára owó tó ń retí, tí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ti fi 120 ọjọ́ pẹ́. Inú ìwé tiwọn ni wọ́n ti gbé e kúrò. Lọ́rùn yín, ibẹ̀ ló ṣì wà: wọ́n lè máa bèèrè rẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n sì lè pè yín lẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè náà, “ṣé kí n san án?”, kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹni tó dáwọ́ owó dúró ní ọdún kan sẹ́yìn àti ẹni tó dá a dúró ní ọdún 6 sẹ́yìn kò sí lójú kan náà, kódà kí iye tí wọ́n jẹ dọ́gba. Torí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ orí gbèsè náà.

AnnualCreditReport.com ni kí ẹ lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ lè gba ìwé kírẹ́díìtì lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion, ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń kọ ìwé kírẹ́díìtì. Ẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ohun tó wà nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì. Ẹ wá ibi tí gbèsè ọkọ̀ náà wà, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: oṣù tí ẹ kọ́kọ́ kùnà láti san, tí ẹ kò sì bá a mọ́ láti ìgbà náà, oṣù tí ẹ sanwó kẹ́yìn, iye tí wọ́n kọ sí balance (gbèsè tó ṣì kù), àti orúkọ ẹni tó ni gbèsè náà báyìí. Tí báǹkì àkọ́kọ́ bá ti tà á, $0 ló yẹ kó wà nínú balance tirẹ̀. Tí òun àti ẹni tó rà á bá jọ ń kọ $8,600 sí yín lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbèsè kan ti di méjì nìyẹn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe.

Oṣù tí ẹ kọ́kọ́ kùnà yẹn ló ń darí ìwé kírẹ́díìtì. Òfin Fair Credit Reporting Act fún charge-off ní ọdún 7 àti 180 ọjọ́ láti ìgbà náà, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n charge off ni wọ́n ń kà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹlòmíràn rà á. Yálà ẹ san án tàbí ẹ kò san án, ọjọ́ yẹn kì í sún. Ẹni tó bá ra gbèsè tó sì kọ ọjọ́ tuntun sí i kí ó lè pẹ́ lórí ìwé yín ti rú òfin.

Owó tí ẹ san kẹ́yìn ní tirẹ̀ sábà máa ń kan ilé ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní gbèdéke ọdún tí olówó fi lè pejọ́. Ní Texas, ọdún 4 ni. Ní New York, ọdún 3 ni fún gbèsè aráàlú irú èyí, láti 7 Oṣù Kẹrin ọdún 2022. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí gbèdéke bá ti kọjá, gbèsè ṣì jẹ́ gbèsè, ṣùgbọ́n agbowó gbèsè kò gbọ́dọ̀ pè yín lẹ́jọ́ tàbí kó fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ yín. Regulation F, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn agbowó gbèsè, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 30 Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Agbowó á pè, á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ẹ sáà fi $50 sílẹ̀ lónìí, ká lè mọ̀ pé ẹ ní in lọ́kàn.” Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, $50 yẹn tó láti jí òkú gbèsè dìde: gbèdéke tó ku oṣù 2 kó pé á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Lẹ́tà tí ẹ bá fọwọ́ sí pé ẹ gbà pé ẹ jẹ ẹ́ lè ṣe ohun kan náà. New York ti fòpin sí irú àjíǹde bẹ́ẹ̀, Texas sì ti dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń ra gbèsè, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi gbèsè àtijọ́ ṣe, owó táṣẹ́rẹ́ tí a fi ń tu agbowó lójú ló burú jù. Ẹ san án tán, tàbí kí ẹ dúnàádúrà kí ẹ sì san iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tàbí kí ẹ má fọwọ́ kàn án.

Tí ọkàn yín bá ń lọ síbi kí ẹ san án, ẹ má tíì gba iye tí wọ́n dá lé yín lórí. Gbèsè tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ lọ ní ìṣirò tirẹ̀. Ká ní $14,200 ló kù nílẹ̀, tí wọ́n lu ọkọ̀ ní gbàǹjo ní $6,500. Ó ku $7,700. Wọ́n á fi owó wíwọ́ ọkọ̀, owó ibi tí wọ́n gbé e sí àti owó gbàǹjo kún un, ká ní $900. $8,600 tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n fi ìṣirò náà ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yẹ ẹ́ wò bí ẹní ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé, tàbí tí wọ́n ń ṣe bí ẹni gbàgbé, ni wáráńtì àti GAP insurance (ìbánigbófò tó ń dí àlàfo láàárín gbèsè ọkọ̀ àti iye tí ọkọ̀ náà tó) tí díílà tà fún yín mọ́ ọkọ̀. Tí ẹ bá ra wáráńtì oṣù 48 ní $2,400, tí oṣù 12 péré sì ti lọ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọkọ̀, nǹkan bíi $1,800 ni kò tíì jẹ. Ó yẹ kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n sì yọ owó náà kúrò nínú gbèsè. $8,600 á wálẹ̀ sí $6,800 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà rárá. Ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí lọ́dọ̀ díílà jáde. Orúkọ ilé iṣẹ́ wáráńtì wà níbẹ̀.

Ẹ bèèrè ìwé ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Òfin ní kí wọ́n kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó ta ọkọ̀, kí ọ̀nà tí wọ́n gbà tà á sì bójú mu. Georgia tilẹ̀ le ju ibòmíràn lọ: fún ọkọ̀ tí ẹ rà láwìn lọ́wọ́ díílà, tí wọn kò bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ nípasẹ̀ registered mail, certified mail tàbí statutory overnight delivery láàárín 10 ọjọ́ tí wọ́n gba ọkọ̀, pé àwọn yóò bèèrè àṣẹ́kù, wọ́n ti sọ ẹ̀tọ́ wọn sí àṣẹ́kù náà nù. Ẹni tó ń gbé ní Atlanta tí kò rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe agbowó.

Agbowó gbèsè tibí yìí kì í ṣe Òṣómàáló tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó rẹ̀ á fi jáde. Kò gbọ́dọ̀ pè yín kí aago 8 àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 9 alẹ́, kò gbọ́dọ̀ pè ju ẹ̀ẹ̀méje lọ láàárín ọjọ́ 7 lórí gbèsè kan, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú yín. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé àlàyé gbèsè ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ẹ bá rí i gbà, ẹ ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé pé ẹ ń ta kò ó, ó sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí yóò fi mú ẹ̀rí wá. Certified mail pẹ̀lú return receipt ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ rántí pé agbowó tí kì í ṣe òun ló yá yín lówó ni òfin yìí ń bá wí. Báǹkì tó yá yín lówó fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ ọjọ́ orí àti iye, ìpinnu kò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tí wọ́n bá ti mú ìwé ẹjọ́ wá, ọ̀rọ̀ máàkì kírẹ́díìtì (credit score) ti kúrò nílẹ̀. Ẹ dáhùn láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, kódà kó jẹ́ pé gbèdéke ti kọjá, torí adájọ́ kò ní bá yín sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí kò dáhùn, olówó á gba ìdájọ́ lé e lórí láìjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè máa gé owó iṣẹ́: òfin ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n láyè dé 25% owó tó ń wọlé lẹ́yìn owó orí, tàbí ohun tó bá lé ní $217.50 lọ́sẹ̀, èyí tó bá kéré jù. Texas kì í jẹ́ kí wọ́n gé owó iṣẹ́ nítorí irú gbèsè yìí, ṣùgbọ́n wọ́n lè dì mọ́ owó tó wà ní báǹkì.

Tí gbèsè náà bá ṣì tuntun, tí gbèdéke kò tíì pé, tí iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ yín, tèmi ni pé kí ẹ wá ọ̀nà yanjú rẹ̀. Ẹni tó níṣẹ́ tó sì jẹ $8,600 ni wọ́n máa ń fẹ́ pè lẹ́jọ́. Tí ẹnì kan bá ṣe onídùúró fún yín, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ẹni tí ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo gbèsè yẹn wà lọ́rùn tirẹ̀ náà, ó sì ń ba ìwé tirẹ̀ jẹ́. Kò sí ìṣirò máàkì tó lè borí ìyẹn.

Tí ó bá ku oṣù díẹ̀ kó kúrò lórí ìwé, tí gbèdéke ẹjọ́ sì ti kọjá, owó yín wúlò níbòmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: kí owó ilé, owó ọkọ̀ tí ẹ ń lò báyìí àti káàdì tó ṣì ń lọ déédéé ṣíwájú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé máàkì á fò sókè ní kété tí ẹ bá san án. Nínú FICO 8, ọ̀nà ìṣirò máàkì tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń lò, charge-off tí a ti san ṣì jẹ́ charge-off. Àwọn ọ̀nà ìṣirò mìíràn, FICO 9, FICO 10 àti VantageScore 3.0 àti 4.0, kì í ka gbèsè ọwọ́ agbowó tí a ti san tán, àmọ́ ìlà ti báǹkì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Èrè tó dájú nínú sísan ni pé balance á di $0, ẹjọ́ á sì kúrò lọ́nà. Fún ẹni tó fẹ́ ra ilé pẹ̀lú FHA, ìyẹn owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe onídùúró fún, kò pọn dandan kí ó san charge-off. Gbèsè ọwọ́ agbowó tó bá tó $2,000 lápapọ̀ ni wọ́n máa ń ka 5% rẹ̀ mọ́ ìnáwó oṣooṣù tí kò bá sí àdéhùn sísan. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ni wọn kì í gbójú fò.

Ẹ̀ka mìíràn ni ti ẹni tí wọ́n charge off tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ olówó ṣì wà lórí title, ìwé tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, wọ́n sì lè wá wọ́ ọ lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú láti dì í sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ń gba title ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ tó lọ, tí orúkọ olówó bá sì wà lórí rẹ̀, wọ́n á bèèrè lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀daràn lè jáde nínú ìyẹn.

Tó bá dórí dúnàádúrà, ẹ mú iye kan wá tí ẹ lè san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹní ń najà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè yọ ìlà náà kúrò lórí ìwé. Báǹkì kì í sábà gbà, agbowó máa ń gbà nígbà mìíràn. Kí gbogbo àdéhùn wà nínú lẹ́tà kí kọ́bọ̀ tó jáde: iye, ọjọ́, nọ́ńbà àkáǹtì, àti gbólóhùn pé kò ní sí àṣẹ́kù. Cashier’s check tàbí money order ni kí ẹ fi san án. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì yín. Tí wọ́n bá fi $600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jin yín, ìwé 1099-C, tó ń sọ iye gbèsè tí wọ́n fi jin yín, lè dé, IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, á sì kà á sí owó tó wọlé. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ ju ohun ìní rẹ̀ lọ nígbà náà lè fi Form 982 yọ ara rẹ̀.

Ní ti títún ìwé kọ́, secured card kan tí ẹ fi $200 sí $500 dógò fún ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tó hàn lọ́jọ́ tí statement bá jáde wà lábẹ́ 10% iye tí káàdì gbà yín láyè láti ná. Lórí $300, kò yẹ kó tó $30. Ẹ san án tán lóṣooṣù. Ẹni tó bá ní òun á ta CPN, nọ́ńbà kan, fún yín kí ẹ fi rọ́pò nọ́ńbà Social Security, ẹ sá fún un. Jìbìtì ni, orúkọ yín ló sì máa wà lórí ìwé náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ 45 tí ẹ ti sanwó, ẹ tún ṣí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí balance kò bá tíì di $0, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà àdéhùn àti rìsíìtì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kírẹ́díìtì tó kọ ọ́. Wọ́n ní 30 ọjọ́ láti wádìí rẹ̀. Lẹ́tà gidi ní tirẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, torí gbèsè tí ẹ ti san máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á ní ìdì kan náà pẹ̀lú ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, òun náà á sì pè.